Àrùn Àjogúnbá àti Ojúṣe Dókítà: Àyẹ̀wò Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 2014 ni Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà di ohun tí gbogbo ilé-ìwòsàn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Abala 23 òfin náà pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó ń tọ́jú ènìyàn ṣàlàyé fún un bí ara rẹ̀ ti rí, oríṣi àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní àti ewu tí ó wà nínú wọn, iye tí yóò ná an, àti ẹ̀tọ́ tí ó ní láti kọ̀ wọ́n. Òfin náà wá fi kún un pé, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí ẹni náà gbọ́ ni kí a fi ṣe àlàyé náà, kí a sì wo bí ó ti mọ̀wé tó.

Gbólóhùn kúkúrú ni èyí, ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ ńlá lé àwọn olùkọ́ èdè àti àwọn atúmọ̀-èdè lọ́wọ́. Bí àlàyé bá jẹ́ apá kan ìtọ́jú, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí a fi ṣe àlàyé náà jẹ́ apá kan ìtọ́jú pẹ̀lú. Ibi tí èyí ti hàn gbangba jù lọ ni ìmọ̀ ìṣègùn tí ó jẹ mọ́ àrùn àjogúnbá. Nínú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, dókítà lè má fi abẹ kan ènìyàn lára, ó sì lè má fún un ní oògùn kankan. Èsì àyẹ̀wò àti àlàyé èsì náà lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹni náà gbà lọ sí ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣì í lọ́nà, ìtọ́jú ti ṣì í lọ́nà nìyẹn.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, wà fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Kò sí ohun tí ó kàn án nípa ìṣègùn tàbí òfin. Ibi tí ẹ̀ka ìmọ̀ méjèèjì yìí ti pàdé ni àpilẹ̀kọ yìí yóò yẹ̀ wò, láti dáhùn ìbéèrè kan: bí dókítà tàbí ilé-àyẹ̀wò bá ṣe àṣìṣe lórí àrùn tí ó wà nínú ìran, ta ni ó jẹ ní gbèsè, irú ọ̀rọ̀ wo ni ó sì yẹ kí a fi sọ ọ́ ní èdè Yorùbá?

2. Àkóràn, Àbínibí àti Àjogúnbá

Èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ó yẹ kí olúkúlùkù dá dúró ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn ènìyàn máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Àrùn àkóràn ni èyí tí ó ń ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn, bí ikọ́ ife. Àrùn àbínibí ni èyí tí ọmọ bá wá sí ayé, ohun yòówù tí ìbáà fà á. Àrùn àjogúnbá ni èyí tí ó ti ara òbí wá nípasẹ̀ jíìnì, tí ẹni tí ó gbà á sì lè fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́. Bí ìyá bá kó àrùn rùbẹ́là nígbà tí oyún rẹ̀ ṣì kéré, ọmọ náà lè bá ìdití tàbí àìsàn ọkàn wá sí ayé. Àbínibí ni ìdití bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjogúnbá, nítorí pé àkóràn ni ó fà á. Ní ìdà kejì, àrùn Huntington jẹ́ àrùn àjogúnbá tí ó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, síbẹ̀ kì í sábà fara hàn títí ẹni tí ó jogún rẹ̀ yóò fi tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún sí àádọ́ta.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Kí àwọn àgbà tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó, wọ́n máa ń ṣe ìwádìí bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ìdílé tí wọ́n fẹ́ bá dána. Àrùn ìran ni wọ́n ka ẹ̀tẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ní 1873 ni Hansen, dókítà ọmọ ilẹ̀ Norway, rí kòkòrò tí ó ń fà á. Àkóràn ni. Ìdílé tí a fi ẹ̀tẹ̀ kọ̀ ní ìyàwó jìyà nítorí pé a fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ òmíràn. Bí dókítà òde òní bá pe àrùn àkóràn tàbí ti àbínibí lásán ní "àrùn ìdílé", irú ìyà kan náà ni yóò fi jẹ àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ní ti jíìnì fúnra rẹ̀, àwọn kan ti dábàá "àbùdá". Ọ̀rọ̀ dídára ni, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè ti ń lò ó fún ohun tí a fi ń dá nǹkan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, gbogbo ènìyàn sì ń lò ó fún ìwà àti ìrísí. Jíìnì kì í ṣe ìrísí. Ohun tí ó ń darí ìrísí láti inú wá ni. Ọ̀rọ̀ àyálò náà ti tàn ká, kò sì ní ìtumọ̀ mìíràn tí yóò dà á rú. Ó sàn kí a fi jíìnì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a sì pa "àbùdá" mọ́ fún ohun tí ojú lè rí.

3. Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta tí Ó Ń Fa Àṣìṣe

Àrùn àjogúnbá tí ó kan àwọn Yorùbá jù lọ ni fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1910 ni Herrick kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn ní Chicago. Ní 1949, Pauling àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú hẹ̀móglóbìn, èròjà pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara, ni àléébù náà wà. Ní 1956, Ingram rí ojú ibẹ̀ gan-an: ẹyọ kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú àwọn ásíìdì àmínò tí a fi to hẹ̀móglóbìn. Ènìyàn a máa gba jíìnì hẹ̀móglóbìn kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, a sì gba ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tí ó gba A láti ọ̀nà méjèèjì ni AA. Ẹni tí ó gba A àti S ni AS. Ẹni tí ó gba S méjì ni SS, òun sì ni àrùn náà ń bá jà. Hẹ̀móglóbìn C náà wà láàárín àwọn Yorùbá, ẹni tí ó bá sì jẹ́ SC kò bọ́ lọ́wọ́ àrùn. Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS.

Ọ̀rọ̀ kìíní tí ó ń fa àṣìṣe ni èyí tí a fi ń pe ẹni tí ó jẹ́ AS. Bí a bá ní ó "gbé àrùn", tàbí pé àrùn "wà lára rẹ̀", yóò gbọ́ pé aláìsàn ni òun, kì í sì í ṣe aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni pípe gbogbo ẹni tí ó wá ṣe àyẹ̀wò ní "aláìsàn" kò tọ̀nà. "Olùgbàtọ́jú" ni ó bá a mu. Ọ̀rọ̀ tí a lè lò fún ẹni tí ó jẹ́ AS tàbí AC ni agbàkan, nítorí pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ti gba jíìnì àrùn. Ẹni tí ó jẹ́ SS tàbí SC ni agbàméjì. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá yóò lóye ọ̀rọ̀ méjèèjì, yóò sì rí i fúnra rẹ̀ pé agbàkan méjì ni ó lè bí agbàméjì.

Ọ̀rọ̀ kejì ni "irú ẹ̀jẹ̀". Àwọn kan ń lò ó fún jẹ́nótáìpù, àwọn mìíràn ń lò ó fún ọ̀wọ́ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn A, B, AB àti O tí a ń wò kí a tó fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára. Lẹ́tà A wà nínú méjèèjì, ìdí nìyí tí ìdàrúdàpọ̀ fi rọrùn. Ọkùnrin tí wọ́n sọ fún pé irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ A lè gbà pé kò sí ewu fún òun láti fẹ́ agbàkan, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀wọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n sọ fún un, tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ sì jẹ́ AS. Kò yẹ kí "irú ẹ̀jẹ̀" fara hàn nínú ìwé èsì kankan. Jẹ́nótáìpù ni kí a kọ, tàbí ọ̀wọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni "ọmọ kan nínú mẹ́rin". Bí agbàkan S méjì bá fẹ́ ara wọn, báyìí ni wọ́n ṣe sábà máa ń sọ fún wọn. Ohun tí tọkọtaya yóò gbọ́ ni pé, bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti yọ nínú ewu. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ lákọ̀tun. Ó yẹ kí a sọ pé: "Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìṣeéṣe kan wà nínú mẹ́rin pé ọmọ yóò jẹ́ SS, ohun tí ẹ ti bí tẹ́lẹ̀ kò sì yí i padà." Gbólóhùn yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ni òótọ́.

4. Òpó Mẹ́rin tí Gbèsè-Ìpalára Dúró Lé

Òfin tí Nàìjíríà jogún láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní òpó mẹ́rin tí ó gbọ́dọ̀ dúró kí ilé-ẹjọ́ tó lè ní kí dókítà san owó gbà-má-bínú.

Èkíní ni ojúṣe-ìtọ́jú: ǹjẹ́ ohun kan so olùjẹ́jọ́ pọ̀ mọ́ olùpẹjọ́ tí ó fi yẹ kí ó ṣọ́ra fún un? Ní 1932, Adájọ́ Atkin fi ọ̀rọ̀ aládùúgbò dáhùn ìbéèrè yìí. Ó ní aládùúgbò ẹni lójú òfin ni ẹni tí ìṣe wa lè kàn tààrà débi pé ó yẹ kí a ti rò ó mọ́ ohun tí a ń ṣe.

Èkejì ni ìkùnà-ojúṣe. Ọ̀pọ̀ atúmọ̀-èdè ni ó ń lo "àìbìkítà" níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ń bú ọkàn ẹni. Dókítà tí ó bìkítà gidigidi, tí ó sì ń fẹ́ ire fún olùgbàtọ́jú, lè kùnà. Ohun tí òfin ń wò ni bóyá iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú òṣùwọ̀n. Ìdíwọ̀n Bolam ti 1957 sọ pé dókítà kò kùnà bí ó bá ṣe ohun tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ó mọṣẹ́ gbà pé ó tọ́. Ní 2015, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Bìrìtìkó yọ ọ̀rọ̀ àlàyé ewu kúrò lábẹ́ ìdíwọ̀n yẹn: ohun tí ẹni tí ó wà ní ipò olùgbàtọ́jú yóò kà sí pàtàkì ni kí dókítà sọ fún un. Èyí ni ó fún ìyọ̀ǹda afòyeṣe ní agbára.

Ẹ̀kẹta ni ìpalára. Ẹ̀kẹrin ni okùnfà, ìyẹn pé ìkùnà náà gan-an ni ó fa ìpalára. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹjọ́ wó.

Orúkọ tí a lè fún ohun tí ó kù lọ́rùn ẹni tí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró tì ni gbèsè-ìpalára. "Ẹ̀bi" kò tó, nítorí pé ọ̀daràn náà ń jẹ̀bi. Nínú irú ẹjọ́ yìí, gbèsè ni a ń béèrè. A kò pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn.

5. Àwọn Ẹjọ́ tí Ó Dán Òpó Wọ̀nyí Wò

Àrùn àjogúnbá ń mi òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé-àyẹ̀wò tí ó ka AS sí AA kọ́ ni ó dá àrùn sílẹ̀. Inú ìran ni àrùn náà ti wá. Ìpalára wo ni ó wá ṣe?

Ìbéèrè yìí dé ilé-ẹjọ́ ní California. Ní 1977, tọkọtaya kan ṣe àyẹ̀wò láti mọ̀ bí wọ́n bá jẹ́ agbàkan àrùn Tay-Sachs, tí ó máa ń pa ọmọ ní kékeré. Ilé-àyẹ̀wò ní wọn kì í ṣe agbàkan. Wọ́n bí ọmọ tí ó ní àrùn náà. Ní 1980, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gbà pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ lè pẹjọ́. Ní 1982, nínú ẹjọ́ mìíràn tí ó dá lórí ìdití àjogúnbá, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ìpínlẹ̀ náà fi ààlà sí i: ọmọ lè gba owó ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀ tí àìlera rẹ̀ ń béèrè, ṣùgbọ́n kò lè gba owó nítorí pé a bí i, nítorí pé kò sí adájọ́ tí ó lè fi wíwà ní ayé wé àìwá sáyé rárá. Ní ti àwọn òbí, ohun tí àṣìṣe ilé-àyẹ̀wò gbà lọ́wọ́ wọn ni àǹfààní láti yàn. Ìpalára ni ìyẹn, bí ọwọ́ kò tilẹ̀ kan ara.

Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó ṣe. Nínú àyẹ̀wò tí a ń fi iná mànàmáná ya hẹ̀móglóbìn sọ́tọ̀, hẹ̀móglóbìn D máa ń dúró sí ojú kan náà pẹ̀lú S bí omi àyẹ̀wò bá jẹ́ ti alkálì. Bákan náà, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí lára lè ní èsì tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó fún un lẹ́jẹ̀. Ilé-àyẹ̀wò tí kò béèrè "Ǹjẹ́ wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọ lára láìpẹ́ yìí?" ti sún mọ́ ìkùnà-ojúṣe.

Àwọn ẹjọ́ mìíràn mi òpó kìíní. Ní Florida, wọ́n tọ́jú obìnrin kan ní 1987 fún irú jẹjẹrẹ táírọ́ìdì kan tí ó lè jẹ́ àjogúnbá. Ní 1990, ọmọbìnrin rẹ̀ rí i pé òun náà ti ní in. Ọmọ náà kì í ṣe olùgbàtọ́jú dókítà yẹn. Ní 1995, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Florida ní ojúṣe dókítà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kìlọ̀ fún ìyá, ó ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Ní 1996, ilé-ẹjọ́ kan ní New Jersey kọjá ibẹ̀: ó ní dókítà gbọ́dọ̀ sa ipá tí ó bójú mu kí ìkìlọ̀ náà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ewu kàn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àyẹ̀wò fi hàn ní 2009 pé ọkùnrin kan ní àrùn Huntington. Ọmọbìnrin rẹ̀ lóyún lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bàbá kọ̀ kí wọ́n sọ fún un. Lẹ́yìn tí ó bímọ ni ó gbọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pinnu láti sọ ọ́. Ní 2013, àyẹ̀wò fi hàn pé òun náà jogún rẹ̀. Ní 2020, Ilé-ẹjọ́ Gíga dájọ́ pé àwọn dókítà náà ní ojúṣe láti gbé àǹfààní tí ó wà fún ọmọ láti mọ̀ àti àṣírí bàbá sórí òṣùwọ̀n kan náà. Síbẹ̀, ọmọ náà pàdánù ẹjọ́: adájọ́ kò rí ìkùnà nínú bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n, kò sì rí ẹ̀rí okùnfà tí ó tó. Òpó kìíní dúró. Èkejì àti ẹ̀kẹrin yẹ̀.

6. Àṣírí Ta Ni?

Abala 26 Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tí ilé-ìwòsàn mọ̀ nípa olùgbàtọ́jú. Ó ka àwọn ìgbà tí a lè tú u: bí olùgbàtọ́jú bá yọ̀ǹda, bí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin bá pa á láṣẹ, bí ó bá jẹ́ ọmọdé tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ yọ̀ǹda, tàbí bí fífi í pamọ́ bá jẹ́ ewu ńlá fún ìlera ará ìlú. Kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọmọ. Lójú òfin, ẹnì kan ni ó ni àṣírí. Nínú ìmọ̀ jíìnì, ohun tí ó wà lára ẹnì kan lè wà lára ọmọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítorí náà, ọ̀nà tí kò mú àríyànjiyàn lọ́wọ́ fún dókítà ni ọ̀nà ti Florida: kí ó sọ fún olùgbàtọ́jú ní kedere pé ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ẹbí rẹ̀, kí olùgbàtọ́jú sì jẹ́ ẹni tí yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Níbí ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè ti wọ inú iṣẹ́ dókítà. Ẹnu méjì tàbí mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí yóò gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ewu kàn. Ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ kò lè yé ẹni kẹta. Bí dókítà bá sọ pé, "Irú ẹ̀jẹ̀ yín kò dára," ẹ̀gbọ́n kò ní ohun kan láti sọ fún àbúrò ju ìbẹ̀rù lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé, "Agbàkan ni yín, ẹ kì í ṣe aláìsàn, àwọn ọmọ ìyá yín lè jẹ́ agbàkan pẹ̀lú, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó yan ẹni tí wọn yóò fẹ́," iṣẹ́ tí a lè jẹ́ ni ó fi rán an.

7. Àtẹ Ọ̀rọ̀-Ìperí

Agbàkan: ẹni tí ó gba jíìnì àrùn láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo, tí àrùn náà kò sì mú.
Agbàméjì: ẹni tí ó gba jíìnì àrùn láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì.
Àrùn àbínibí: àrùn tí a bá wá sí ayé, ohun yòówù tí ó fà á.
Àrùn àjogúnbá: àrùn tí ó ti ara òbí wá nípasẹ̀ jíìnì.
Ọ̀wọ́ ẹ̀jẹ̀: ìpín A, B, AB àti O, kì í ṣe jẹ́nótáìpù.
Olùgbàtọ́jú: ẹni tí ilé-ìwòsàn ń ṣe ìtọ́jú tàbí àyẹ̀wò fún, ìbáà ṣàìsàn tàbí kò ṣàìsàn.
Ojúṣe-ìtọ́jú: ohun tí òfin ní kí a ṣe láti má ṣe pa ẹlòmíràn lára.
Ìkùnà-ojúṣe: iṣẹ́ tí kò dé ojú òṣùwọ̀n tí òfin là sílẹ̀.
Okùnfà: ohun tí ó so ìkùnà mọ́ ìpalára.
Gbèsè-ìpalára: ohun tí ẹni tí ó kùnà jẹ ẹni tí ó palára.
Ìyọ̀ǹda afòyeṣe: ìyọ̀ǹda ẹni tí àlàyé ti yé kí ó tó gbà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn; bí ó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Nínú ìtọ́jú àrùn àjogúnbá, ohùn ni oògùn. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá lókè yìí lè má jẹ́ èyí tí yóò dúró títí; àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ni yóò dán wọn wò níwájú àwọn tí wọ́n ń tọ́jú. Bí wọ́n bá rí èyí tí ó sàn jù, kí wọ́n lò ó. Ohun tí kò yẹ ni kí atúmọ̀-èdè fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, nígbà tí ó mọ̀ pé tọkọtaya kan wà tí yóò fi ọ̀rọ̀ náà pinnu ẹni tí wọn yóò fẹ́ àti ọmọ tí wọn yóò bí.